George Adamson

George Adamson (tí a bí ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1906, tí ó sì kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1989) jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ẹranko igbó ní orílẹ̀-èdè Kẹ́nyà. Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni pé ó máa ń tọ́ àwọn ọmọ kìnnìún dàgbà, tí yóò sì dá wọn padà sínú igbó. Baba ya Simba ni wọ́n ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí baba àwọn kìnnìún ní èdè Swahili.

Ìlú Etawah ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti bí i. Ní ọdún 1924 ni ó dé Kẹ́nyà láti ṣiṣẹ́ nínú oko kọfí bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko kò bá a lára mu. Ó wá wúrà kiri, ó ta ewúrẹ́, ó sì ń mú àlejò lọ ṣọdẹ, kí ó tó wọ ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ẹranko igbó ní ọdún 1938. Wọ́n fi agbègbè àríwá sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ tí ó súnmọ́ aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Òjò kò pọ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún ni ó gbilẹ̀, darandaran àti ẹranko igbó sì jọ ń du ìwọ̀nba omi tí ó wà.

Ní ọdún 1944 ó fẹ́ Joy, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Austria. Ní ọdún 1956 ó yìnbọn pa abo kìnnìún kan tí ó kọlù ú, lẹ́yìn náà ni ó wá mọ̀ pé ọmọ mẹ́ta ni ẹranko náà ń dáàbò bò. Ó kó àwọn ọmọ náà wálé. Wọ́n fi méjì ránṣẹ́ sí ọgbà ẹranko ní Rotterdam, wọ́n sì mú Elsa sọ́dọ̀. Tọkọtaya náà fara balẹ̀ kọ́ ọ bí a ti ń pa ẹran jẹ, títí tí ó fi lè dá gbé inú igbó ní Meru, tí ó sì bímọ níbẹ̀. Àìsàn tí eégbọn ń fà ni ó pa á ní ọdún 1961. Ìwé tí Joy kọ nípa rẹ̀, Born Free (1960), àti fíìmù tí wọ́n fi ṣe ní ọdún 1966 ni ó gbé orúkọ wọn káyé.

Ní ọdún 1970, George kó lọ sí Kora, lẹ́bàá odò Tana. Wáyà ni wọ́n fi yí àgọ́ rẹ̀ ká: ènìyàn ni ó wà nínú ọgbà, kìnnìún ni ó wà níta. Ibẹ̀ ni wọ́n mú Christian wá, kìnnìún tí wọ́n rà ní ilé ìtajà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fara mọ́ iṣẹ́ yìí, nítorí kìnnìún tí ènìyàn bá tọ́ kì í bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán: ní ọdún 1971, Boy, kìnnìún tí George fẹ́ràn gan-an, pa òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, ọwọ́ George fúnra rẹ̀ ni ó sì fi yìnbọn pa á.

Wọ́n pa Joy ní ọdún 1980 ní Shaba, lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní Kora, àwọn darandaran ń wọlé wá koríko àti omi, àwọn ọdẹ tí kò gbàṣẹ sì ń gbé ìbọn kiri, síbẹ̀ George kọ̀ láti kúrò. Nígbà tí àwọn adigunjalè dá àlejò rẹ̀ kan lọ́nà ní oṣù Kẹjọ ọdún 1989, ó wa ọkọ̀ lọ láti gbà á sílẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa òun àti méjì nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ẹni ọdún 83 ni. Kora ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀ Terence, nítòsí ibojì Boy.