Zaid Ọmọ Haritha: Ọmọ Tí Ànábì Gbà Tọ́

Ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí jẹ́ ti ọmọ kan tí wọ́n jí gbé, tí ó sì di ọmọ ilé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Zaid ni orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo Sàhábà, òun nìkan ni Àlùkùránì dárúkọ.

Ẹ̀yà Kalb ni Haritha bàbá rẹ̀. Zaid ṣì kéré nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un lọ kí àwọn ẹbí tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn akónilẹ́rú ti gbé e, tí wọ́n sì tà á ní ọjà Ukaz. Hakim bn Hizam rà á fún Khadijat, ẹbí rẹ̀. Nígbà tí Khadijat fẹ́ Ànábì, ó fi Zaid ta ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ.

Haritha kò sinmi wíwá ọmọ rẹ̀. Ní ọdún kan, àwọn ará Kalb tí wọ́n wá sí Kaaba dá ọmọ náà mọ̀, wọ́n sì mú ìròyìn lọ sílé. Ni Haritha àti arákùnrin rẹ̀ bá di owó ìràpadà, ó di Mẹ́kà. Ànábì kò bá wọn dúnàá-dúrà rárá. Ó ní kí wọ́n pe ọmọ, kí ó fẹnu ara rẹ̀ yàn; bí ó bá yan bàbá rẹ̀, kí wọ́n máa mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Zaid ní òun kò lọ. Ẹ rò ó wò bí yóò ti rí lára Haritha! Ànábì mú ọmọ náà lọ sí Kaaba, ó sì kéde níṣojú àwọn Kuraiṣi pé ọmọ òun ni, àwọn yóò sì máa jogún ara wọn. Ìgbà yẹn ni ọkàn bàbá rẹ̀ tó balẹ̀, tí ó padà sílé. Zaid ọmọ Muhammad ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà.

Orúkọ yìí kò bá a dalẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí lọ sí Mẹ̀dínà ní 622, àṣẹ Ọlọ́hun sọ̀kalẹ̀ nínú Súrà Al-Ahzab, ẹsẹ 5, pé orúkọ bàbá tí ó bí ọmọ ni kí a máa fi pè é. Zaid tún di ọmọ Haritha.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní àjò tí a wà yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò tàbí ọmọ òrukàn. Ohun ire ni. Àmọ́ tí a bá fẹ́ fi ọmọ náà sí ilé ìwé, orúkọ tiwa ni a ń kọ sí fọ́ọ̀mù, a ní kí ó lè rọrùn. Lọ́jọ́ tí ẹbí bàbá rẹ̀ bá ń pín ogún nílé, ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Lọ́dọ̀ tiwa náà, kò lè jogún gẹ́gẹ́ bí ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún un ní nǹkan, kí ó fún un lójú ayé rẹ̀, tàbí kí ó fi sínú ìwé ìhágún, láì kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀.

Orúkọ yí padà, ìfẹ́ kò yí padà. Ní 629, nígbà tí Ànábì rán ọmọ ogun 3,000 lọ sí Mutah, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Jọ́dánì lónìí, Zaid ni ó fi ṣe olórí wọn àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa á. Ní 632, kí Ànábì tó jáde láyé, ó fi Usamat, ọmọ Zaid, ṣe olórí ogun bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́, tí àwọn àgbà Sàhábà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Abubakr ló wá rán ogun náà jáde. Ẹsẹ̀ ni ó fi sin Usamat sọ́nà, tí Usamat wà lórí ẹṣin.