Christopher Okigbo: Akéwì tí dùùrù rọ̀ lọ́rùn ju ewì lọ

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà kò tíì ju oṣù mélòó kan lọ ní ọdún 1967 nígbà tí Christopher Okigbo, Mejọ̀ nínú ọmọ ogun Biafra, kú sójú ìjà nítòsí Nsukka. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Títí di òní, àwọn òǹkàwé ewì ṣì ń bi ara wọn léèrè ohun tó gbé akéwì dé ojú ogun.

Ìlú Ojoto, ní ìpínlẹ̀ Anambra òde òní, ni orírun rẹ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Kátólíìkì ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ló ń bojú tó ojúbọ odò Idoto. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé baba ìyá rẹ̀, tó jẹ́ àwòrò odò náà, ló padà wá sáyé. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bí i sí, Babátúndé ni wọn ì bá máa pè é.

Ní Government College, Umuahia, ìwé kò nira fún un, eré ìdárayá kò sì nira. Orin ló tún wá rọrùn jù. Nígbà tó dé yunifásítì, ó di ẹni tí wọ́n ń wá bí wọ́n bá fẹ́ ẹni tí yóò tẹ dùùrù. Òun ló tẹ̀ ẹ́ nígbà tí Wọlé Ṣóyínká kọ́kọ́ kọrin ní gbangba. Ó tilẹ̀ ń ṣe orin tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ìṣègùn ni Okigbo bá wọ University College, Ìbàdàn, ní ọdún 1950. Láyé ìgbà náà, ìdílé tí ọmọ rẹ̀ bá ń kọ́ṣẹ́ dókítà ti bọ́ sípò ọ̀wọ̀ kó tó di pé ọmọ náà gba ìwé ẹ̀rí. Síbẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó lọ kọ́ Látìn àti Gíríìkì. (Chinua Achebe náà ṣe irú ìpinnu yìí lọ́gbà kan náà, ó sì pàdánù ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀.)

Ó gboyè ní ọdún 1956, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn: ilé iṣẹ́ tábà, UAC, akọ̀wé mínísítà ìjọba àpapọ̀. Kò sí èyí tó mú un dúró.

Fìdítì ló ti yí padà

Ní ọdún 1958, Okigbo lọ kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Látìn ní Fiditi Grammar School, láàárín Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni ewì ti gbà á lọ́wọ́ ohun gbogbo. Àlàyé tó ṣe fún àwọn oníròyìn lẹ́yìn náà ni pé kì í ṣe pé òun jókòó pinnu láti di akéwì; ó kàn hàn sí òun pé kò sí ohun mìíràn tí òun lè jẹ́ mọ́. Ó pa orin ṣíṣe tì.

Ohun tó wú mi lórí nìyí. Orin ń wá bí ẹni ń mí. Ewì ń fẹ́ làálàá. Mbari, ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ní Ìbàdàn, tẹ Heavensgate jáde ní 1962 àti Limits ní 1964, àmọ́ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó ń yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ó ń tún ìlà tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ní gbogbo àkókò yìí, títa ìwé fún Cambridge University Press káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló fi ń jẹun. Ní 1963, ó gbé Judith Safinat Attah, ọmọ ọba Ebira, níyàwó.

Nígbà tí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà tó wáyé ní Dakar ní 1966 fún un ní ẹ̀bùn ewì, ó kọ̀ ọ́. Èrò tirẹ̀ ni pé a kì í fi àwọ̀ ara díwọ̀n ewì.

Pẹ́ẹ̀nì àti ìbọn

Rògbòdìyàn 1966 gbé e padà sí Ìlà Oòrùn. Òun àti Achebe dá ilé ìtẹ̀wé Citadel Press sílẹ̀ ní Enugu, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi lọ wọṣẹ́ ológun láìgba ẹ̀kọ́ kankan nípa rẹ̀. Ali Mazrui kọ ìtàn àròsọ kan ní 1971, nínú èyí tó ti gbé Okigbo lọ sílé ẹjọ́ ní ọ̀run pé ó fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ ọnà. Ní tèmi, ẹjọ́ náà ti le jù. Ẹni tó ti kọ ewì tó sọ tẹ́lẹ̀ pé ogun ń bọ̀ lè má rí ọ̀nà tí yóò fi jókòó sílé nígbà tó dé.

Labyrinths, tó kó àwọn ewì tó ti tún ṣe jọ, jáde ní ọdún kan náà pẹ̀lú ìwé Mazrui. Ní 2007, UNESCO fi àwọn ìwé tí wọ́n rí kó jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ohun ìrántí àgbáyé. Ewì tó fi èdè Igbo kọ wà lára wọn. Nínú àwọn orin tó ṣe nígbà èwe, kò sí ọ̀kan tó kù.