Ìrántí Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, Ìránṣẹ́ Ìlú

Orúkọ àwọn ọba àti ti àwọn jagunjagun kì í pẹ́ wọ etí ọmọdé, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tí ó tọ́jú aláìsàn a máa tètè parun. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lóṣù yìí nípa Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ẹni tí ó fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ oníṣègùn lábẹ́ Ìjọba ní Èkó àti agbègbè rẹ̀, tí ó sì kú ní ọdún 1935. Kì í ṣe ọmọ Èkìtì, ṣùgbọ́n Iléṣà ni baba rẹ̀ ti wá, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì jọ dúró ní ojú ogun Kírìjí. A kò rò pé ẹnikẹ́ni yíò bá wa jà bí a bá pè é ní tiwa. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀tá tí ó bá jà, ọ̀tá àwọn baba wa ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ àti ní Ẹmùré ni pẹ̀lú.

Ìlú Freetown ní ilẹ̀ Sàró ni a gbé bí i, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1861. Baba rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a kó lẹ́rú tí a sì dá nídè. Ọmọ Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Alexander Johnson Williams ni a sọ ọ́. Ìdílé náà padà wá sí Èkó, ibẹ̀ ni ó sì gbé dàgbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Christopher Sàpárà Williams, ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí ó di lọ́yà, òkìkí rẹ̀ sì kàn jákèjádò. Nígbàtí ẹ̀gbọ́n ń rojọ́ ní kóòtù, àbúrò ń po oògùn ní ilé ìwòsàn Ìjọba ní Èkó, iṣẹ́ tí kò ní ariwo nínú. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn láti máa po oògùn tí ẹlòmíràn pàṣẹ rẹ̀. Ní ọdún 1888 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwòsàn St. Thomas, ó sì yege ní ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1895, nígbàtí ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ó fi orúkọ Williams sílẹ̀, ó ń jẹ́ Ògúntọ́lá Sàpárà. Àwọn onígbàgbọ́ kan lè máa wo orúkọ Ògún yẹn ní ìwò ìfura. Àwa kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ẹni tí yíò wọ ilé àwọn aláìsàn wa kò ṣe ibi bí ó bá jẹ́ orúkọ tí ìyá arúgbó lè pè láì ká ahọ́n kò.

Ní ọdún 1896 Ìjọba Èkó gbà á sí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì oníṣègùn Ìjọba. Igbákejì yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ní ọdún 1902 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, a sì ṣe é ní òfin pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ òyìnbó kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Nwọ́n kọ orúkọ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú sínú ìwé ọ̀tọ̀, owó oṣù wọn kéré, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ a sì di ọ̀gá ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà Sàpárà wà lábẹ́ òfin yìí títí ó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn ìbá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó lọ ṣí ilé oògùn tirẹ̀, kí ó sì di olówó. A kò sì lè bá a wí. Ṣùgbọ́n àwọn tálákà ni nwọ́n ń lọ sí ilé ìwòsàn Ìjọba, ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì dúró sí.

Nísisìyí a dé ibi tí ìtàn rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ òde òní kò mọ ohun tí a ń pè ní ìgbóná. Àrùn yìí a máa bo ara ènìà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, nínú ènìà mẹ́wàá tí ó bá sì mú, a máa tó mẹ́ta tí yíò kú. Ẹni tí ó bá yè, ojú rẹ̀ lè fọ́, àpá rẹ̀ kì í sì í lọ. Ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í dárúkọ rẹ̀. Olóde ni a ń pè é, tàbí Baba, tàbí Ilẹ̀gbóná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn bá mú, a kì í lu ìlù kí ó má bàa gbọ́. Bí ó bá pa ọmọ, ìyá kò gbọdọ̀ sọkún. Kí ó dúpẹ́ ni. Ìdí nìyí tí nwọ́n fi ń kì í ní Alápadúpẹ́. Àwọn abọrẹ̀ rẹ̀ nìkan ni nwọ́n lè sin òkú náà, inú igbó ni nwọ́n sì ń sin ín sí. Lẹ́hìn èyí nwọn a kó aṣọ rẹ̀, ẹní rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ lọ, nítorí ti òrìṣà ni. Báyìí ni ilé kan ṣe lè pàdánù baba, kí ó sì pàdánù ogún pẹ̀lú, láì sí ẹni tí ó lè là ẹnu.

Ní ọdún 1897 ni Dókítà Sàpárà wà ní Ẹ̀pẹ́, tí ó sì kíyèsí i pé iye ènìà tí ìgbóná ń pa níbẹ̀ ti pọ̀ jù. Àrùn a máa rìn láti ara ènìà kan sí èkejì, ṣùgbọ́n èyí dà bí ẹni pé a ń fi ọwọ́ gbé e kiri. Bí ó bá ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ìlú gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìjọba, ta ni yíò dá a lóhùn? Dípò èyí, ó pa ara dà, ó fi ipò dókítà pamọ́, ó sì wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà náà. Kì í ṣe gbogbo ènìà ni irú iṣẹ́ yìí lè bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn àgbà awo kì í gba onírera mọ́ra, nwọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ han ẹni tí ojú rẹ̀ le. Ẹni tí yíò wọlé tọ̀ wọ́n ní láti mọ̀ bí a ti ń kí àgbà, kí ó lè rẹ́rìn-ín nígbàtí ó yẹ, kí ó sì mọ̀ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́.

Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni pé àwọn abọrẹ̀ kan a máa ha èépá láti ara ẹni tí ìgbóná mú, nwọn a sì lò ó láti fi àrùn ran ẹni tí ara rẹ̀ dá. Nípa èyí nwọ́n ń sọ ìbẹ̀rù di púpọ̀, ẹrù òkú sì ń di tiwọn. Ó jáde, ó sì sọ fún Ìjọba.

Àwọn kan lè béèrè bóyá ó tọ́ kí ènìà wọ inú awo, kí ó sì tú u síta. Ìbéèrè rere ni, nítorí ilẹ̀ dídà kì í ṣe ohun kékeré láàrin wa, Onígbàgbọ́ pẹ̀lú kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀tàn ṣeré. Lójú tiwa, àwọn tí nwọ́n ń fi ikú ran ọmọ ọlọ́mọ ni nwọ́n kọ́kọ́ da ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra kí a má ṣe pa gbogbo olùbọ Ṣànpọ̀nná pọ̀ mọ́ àwọn oníṣẹ́ ibi wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìyá tí ẹ̀rù ń bà, tí nwọ́n gbé ẹ̀kọ tútù síta kí ọmọ wọn lè yè.

Ní ọdún 1907 Ìjọba fi òfin de ìsìn Ṣànpọ̀nná. Òfin náà ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Àwọn kan ń bọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òfin tí ó lè sọ fún àrùn pé kí ó má rìn. Ìbupá ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jenner ará Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi han aiyé ní ọdún 1796 pé ẹni tí a bá fi oje àrùn màlúù sí lápá, ìgbóná kì í mú un. Ó ṣòro láti mú kí àwọn ènìà wa na apá wọn. Nwọ́n rò pé ìbupá yíò bí Olóde nínú. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ fi níye lórí: ó fi hàn pé ọwọ́ ènìà wà nínú ohun tí a ń pè ní ìbínú òrìṣà, ohun tí ọwọ́ ènìà bá sì ṣe, ọwọ́ ènìà lè dí i lọ́nà.

A kò ní sọ púpọ̀ nípa àwọn iṣẹ́ rẹ̀ yókù. Ó ṣe aápọn kí a lè dá ilé oògùn sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú ní Massey Street ní Èkó, níbi tí a gbé kọ́ ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé lẹ́hìn náà. Ó bìkítà nípa ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí, nítorí ó mọ iye aboyún tí ń kú nítorí àìmọ̀. Ó wádìí agbára ewé àti egbò ilẹ̀ wa, nígbàtí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń tijú láti fi ọwọ́ kan wọn, kò sì rò pé ìwé ẹ̀rí Scotland ti pa gbogbo ọgbọ́n baba òun rẹ́. Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè dá a lọ́lá nítorí iṣẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ọba kan náà kò gbà kí ó jókòó pẹ̀lú àwọn dókítà òyìnbó nínú ẹgbẹ́ kan. A kò mọ̀ bí ó ti yẹ kí a rẹ́rìn-ín tàbí kí a sọkún sí èyí.

Ó fẹ̀hìntì ní ọdún 1928, ó sì kú ní ọdún méje lẹ́hìn náà. Ìgbóná ṣì ń pa ènìà nígbà náà. Ní ọdún 1967 ni a bẹ̀rẹ̀ ìbupá ńlá tí ó ká gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn oníṣẹ́ ìlera sì ń lọ láti ìlú dé abúlé. Ọdún 1970 ni ó mú ènìà kẹ́hìn ní Nàìjíríà. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1980 ni ìpàdé ìlera gbogbo aiyé kéde ní Geneva pé àrùn náà kò sí mọ́ níbikíbi. Síbẹ̀ a mọ àwọn àgbà ní agbègbè wa tí nwọn kò tíì gbà kí a dárúkọ rẹ̀ lójú wọn ní ọ̀sán gangan.