Ògúndé: Ọlọ́pàá Tó Sọ Eré Orí Ìtàgé Di Iṣẹ́ Oúnjẹ Òòjọ́

  Ẹni tí ìtàn rẹ̀ kàn lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ àdúgbò wa, ṣùgbọ́n àgbà wo ló wà láàárín wa tí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀? Olóyè Hubert Adédèjì Ògúndé ni, bàbá tíátà.

Ẹ lè bi wá pé kí ló fa Ògúndé báyìí. Ohun tó fà á ò jìnnà. Ọmọ á jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, á ní tíátà lòun fẹ́ ṣe. LASU tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ tíátà wà lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ọ̀jọ́. Ọjà Alábà, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ta fíìmù lọ sí gbogbo ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, wà nítòsí wa níbí. Ojú ọmọ ń rí i, ọkàn rẹ̀ ń fà sí i. Bàbá á ní òun ò ní sanwó ilé-ìwé fún ẹni tó fẹ́ lọ máa ṣe ẹ̀fẹ̀ káàkiri. Ìyá á gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ tàbí àfáà. Ọmọ á bínú, á kó ẹrù jáde. Kí ọ̀rọ̀ tó dà báyẹn nílé tiyín, ẹ jẹ́ ká wo bí ẹni tó sọ eré orí ìtàgé di iṣẹ́ olówó oṣù nílẹ̀ Yorùbá ṣe rin ọ̀nà náà.

Ọdún 1916 ni wọ́n bí Ògúndé ní Ọ̀sọsà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú tó ní eégún ni Ọ̀sọsà, ọmọ pásítọ̀ náà ò sì jókòó sílé nígbà tí eégún bá jáde. Ó máa ń bá wọn lu ìlù. Ẹ rántí pé kí òyìnbó tó dé ni àwọn eégún alárìnjó ti ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń takìtì, tí wọ́n ń fi aṣọ àti ìbòjú ṣe oríṣiríṣi èèyàn àti ẹranko, tí àwọn ará ìlú sì ń dá wọn lọ́lá. Ibẹ̀ ni eré ti wọ ọmọ yìí lára. Nínú ìjọ ló ti kọ́ orin, lágbo eégún ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá àwùjọ lára yá. Àwọn ohun méjèèjì yìí ló fi jẹun títí tó fi kú.

Ó lọ sílé-ìwé ní Ọ̀sọsà, ní Fàájì l'Ékòó, àti ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́yìn náà ó ṣe tísà, ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ní 1941 ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Wọ́n gbé e sí Ìbàdàn, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e wá sí Ẹ̀búté Mẹ́tta.

Nígbà yẹn l'Ékòó, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe eré olórin. Ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n ń ṣe, tí wọ́n á fi kówó jọ fún ìjọ. Kò sẹ́ni tó ń fi ṣe iṣẹ́ oúnjẹ. Akọ̀wé, tísà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn tó ń ṣe é, wọ́n á ti ibi iṣẹ́ dé kí wọ́n tó lọ fi eré dánra wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn òṣèré á kàn to ara wọn sójú kan, wọ́n á máa kọrin bí ẹni pé ìsìn ọjọ́ Àìkú ni.

Ìjọ Olúwa Aládùúrà ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, tí Ògúndé ń lọ, ní kó ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, ó gbé The Garden of Eden and the Throne of God jáde ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó. Òun ò jẹ́ kí wọ́n dúró gbagidi. Ó fi ijó sí i, ó jẹ́ kí òṣèré máa rìn, kó máa ṣe ohun tó ń wí. Àwọn èèyàn gbà fún un gan-an.

Ibi tá a fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí rèé. Lẹ́yìn gbogbo àtẹ́wọ́ yẹn, Ògúndé ò bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ó ṣì ń gba owó oṣù ìjọba, ó sì ń kọ eré míì lé e: Africa and God, Israel in Egypt, King Solomon àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní African Music Research Party. Gbogbo ìgbà yẹn ló fi ń wò ó bóyá àwọn tó ń rá tíkẹ́ẹ̀tì á tún padà wá, bóyá owó ẹnu ọ̀nà á tó bọ́ ẹni tó ju ẹyọ kan lọ. Ìgbà tó rí i pé ó tó ló tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kí ọdún 1946 tó parí, kì í ṣe ọlọ́pàá mọ́, eré nìkan niṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọdún bíi méjì ló fi dán ọ̀nà wò kó tó já okùn.

Ohun kejì tó ṣe ni pé ó sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ní owó oṣù nínú. Ní 1946, nígbà tó fẹ́ ṣe Tiger's Empire, ó polówó pé òun ń wá àwọn obìnrin tí yóò máa ṣeré, òun á sì máa sanwó fún wọn. Ẹnìkan ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú eré Yorùbá. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà náà o. Obìnrin tó bá gun orí ìtàgé, oníṣekúṣe ni wọ́n ń pè é. Òbí ò fẹ́ fi ọmọ wọn sílẹ̀, èyí tó bá sì wá, tó bá ti rọ́kọ fẹ́, ọkọ á ní kó fi í sílẹ̀. Ọ̀nà tí Ògúndé gbé e gbà ni pé ó ń fẹ́ àwọn òṣèré náà níyàwó. Wọ́n lé ní mẹ́wàá. Àwọn àtàwọn ọmọ tí wọ́n bí ló di òpó ẹgbẹ́ náà. A ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. A kàn ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ojú burúkú tí à ń fi wo òṣèré báyìí, ti ìgbà tiwọn burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo niṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń lọ? Ẹnìkan á ṣáájú lọ sí ìlú tí eré kàn, á háyà gbọ̀ngàn, á lẹ pósítà. Lọ́jọ́ eré, mọ́tò ẹgbẹ́ á máa yí ìlú ká pẹ̀lú gbohùngbohùn. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Orin àti ijó ni wọ́n fi ń ṣí i, eré gan-an á tẹ̀ lé e, orin ni wọ́n á tún fi kádìí rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, wọ́n á di ẹrù sínú ọkọ̀, ó di ìlú míì. Nínú owó ẹnu ọ̀nà yẹn ni owó gbọ̀ngàn, epo mọ́tò, oúnjẹ àti owó oṣù gbogbo wọn ti ń jáde. Bí òjò bá rọ̀, tí èèyàn ò jáde, gbèsè nìyẹn. Wọ́n rin ìwọ̀ oòrùn, àríwá àti ìlà oòrùn ilẹ̀ yìí, wọ́n sì dé Gold Coast tí à ń pè ní Gánà báyìí. Nígbà tó rí i pé etí àwọn èèyàn ti ń lọ sọ́dọ̀ jíta àti fèrè òyìnbó, ó kó wọn wọ inú eré, ó sì sọ ẹgbẹ́ di Ogunde Concert Party ní 1950.

Ẹ má rò pé ẹ̀rín nìkan ló ń tà. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan, nítorí pé ogun ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù wọn ò sì kúrò lójú kan. Ògúndé fi ṣe eré Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jos ní 1946, àwọn ọlọ́pàá dá eré dúró, ilé-ẹjọ́ sì ní kó san pọ́n-ùn 125. Ọlọ́pàá àná ni ọlọ́pàá wá ń lé kiri! Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, Enúgu. Èèyàn 21 ló kú. Ní 1950 Ògúndé gbé Bread and Bullet jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, wọn ò sì jẹ́ kó ṣe é ní Kánò.

Èyí tó dùn ún jù, ọwọ́ àwọn èèyàn tiwa ló ti wá. Ní 1964, nígbà tí ìjà òṣèlú ti pín ilé Yorùbá sí méjì, ó ṣe Yorùbá Ronú. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí Akíntọ́lá ń darí gbà pé àwọn ló ń bá wí. Wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé ní gbogbo agbègbè ìjọba náà. Ẹ̀yin ọmọ Àjàngbádì, òfin yẹn kàn wá. Ìpínlẹ̀ Èkó ò tíì sí nígbà náà, ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Abẹ́ Àgbádárìgì ni Ọ̀jọ́ àti ìletò àyíká rẹ̀ wà, Àgbádárìgì sì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ògúndé lè ṣeré ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣe é lọ́dọ̀ wa níbí.

Ẹ ro ó wò. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Oǹdó, ibẹ̀ gan-an ni ọjà rẹ̀ wà. Odindi ìdílé àti ẹgbẹ́ ń jẹun lára iṣẹ́ yẹn, kò sì sí owó oṣù ìjọba mọ́ tí yóò padà sí. Kàkà kó lọ tọrọ àforíjì, ó kọ eré míì, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ìjọba ológun tó gbé òfin náà kúrò ní 1966. Ẹgbẹ́ náà ò túká.

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, Ògúndé àtàwọn ènìyàn rẹ̀ ló lọ ṣojú Nàìjíríà níbi àfihàn àgbáyé tó wáyé ní Montreal, Kánádà. Nígbà tí fíìmù dé, kò bá a jà, ó wọ inú rẹ̀. Ayé ló kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà Jáiyésinmi, Àròpin Ń Tènìyàn àti Àyànmọ́. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tíátà nílẹ̀ yìí, ó sì kọ́ abúlé fíìmù sí Ọ̀sọsà. Ní 1986 ìjọba àpapọ̀ ní kó wá dá ẹgbẹ́ eré orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní Ìgánmú, tí à ń wò láti inú ọkọ̀ bí a bá ń bọ̀ láti Èkó, ni ibùjókòó ẹgbẹ́ náà. Ó kú ní London ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990. Ọ̀sọsà ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí a rí mú nínú ìtàn yìí ni pé ìfẹ́ eré nìkan ò tó, ẹ̀gàn nìkan náà ò sì lè dá ọmọ dúró. Bí ọmọ bá ní tíátà lòun fẹ́ ṣe, ẹ pè é jókòó, kẹ́ ẹ bi í ní ìbéèrè tó ní láárí. Iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe títí eré á fi lè bọ́ ọ? Ta ló ń sanwó fún un, ṣé ìwé àdéhùn wà? Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ló fi ń dánra wò? Ṣé ó lè sọ̀rọ̀ kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá gbọ́ ọ láìsí ẹ̀rọ? Orí ìtàgé ò jọ fíìmù tí wọ́n lè tún yà bó bá bàjẹ́. Bó bá ṣì í, gbogbo èèyàn ti rí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àtẹ́wọ́ ọjọ́ kan. Ẹ ti rí àwọn àgbà òṣèré tí wọ́n ń tọrọ owó ìtọ́jú lórí ẹ̀rọ ayélujára. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó bí ẹ ṣe ń kọ́ ijó, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan pamọ́ nínú èyí tó bá wọlé.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ti kọ́ gbọ̀ngàn tíátà sí Ìgándò, kò jìnnà sí Ìbà. Kí bàbá tó lé ọmọ jáde, kí àwọn méjèèjì jọ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lọ wo eré kan pa pọ̀ títí dé òpin. Bí wọ́n bá ń padà bọ̀, kí wọ́n wá jọ ṣírò rẹ̀ nínú ọkọ̀: èèyàn mélòó ló wọlé, èló ni tíkẹ́ẹ̀tì, òṣèré mélòó ló wà lórí ìtàgé, èló ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, bó bá ṣì kù.