Isaac Singer: Ọkùnrin Tó Fi Ẹsẹ̀ Sí Máṣíìnì Ìránṣọ

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà l'Ábújá àti agbègbè rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Òwú àti síìpù ni mo ń tà. Kì í pẹ́ kí télọ̀ kan tó dá síìpù padà, á ní kò dáa, ojú ìrán ń wọ́ kúrò lára rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà síìpù kọ́ ló jẹ̀bi, fúùtù ni, ìyẹn irin kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́. Òun ló jẹ́ kí n rántí ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lára máṣíìnì àwọn ìyá wa.

Ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Isaac Merritt Singer sí lọ́dún 1811. Ará Jámánì ni bàbá rẹ̀, àlejò tó wá tẹ̀dó síbẹ̀, bíi tiwa níbí. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kọ ara wọn, ọmọ náà ò sì tíì dàgbà tó fi kúrò nílé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àmọ́ eré tíátà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Lọ́dún 1839 ó ṣe ẹ̀rọ tó ń lu àpáta, ó tà á ní 2,000 dọ́là, ó fi owó yẹn kó ẹgbẹ́ òṣèré jọ. Owó náà tán, ó tún padà sídìí òṣì.

Lọ́dún 1850, ní Boston, ó bá máṣíìnì ìránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù Orson Phelps. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tún un ṣe. Singer wò ó, ó ní kí abẹ́rẹ́ dúró ṣánṣán, kó máa lọ sókè sódò. Ó fi irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sí i, kí aṣọ má baà máa bá abẹ́rẹ́ gòkè. Ó tún jẹ́ kí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ méjèèjì ráyè di aṣọ mú. Ní 12 oṣù August, 1851, ìjọba fún un ní ìwé ẹ̀tọ́.

Wàhálà dé. Elias Howe ti gba ìwé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́dún 1846, ó sì pe Singer lẹ́jọ́ pé ó lo ọgbọ́n òun. Lọ́dún 1854 Singer san 15,000 dọ́là fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, Edward Clark, lọ́yà tó bá a da òwò pọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ta máṣíìnì ní sísan díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹni tí kò lówó ńlá lọ́wọ́ tó lè ní tirẹ̀ nílé.

Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí irin, àmọ́ ilé rẹ̀ ò tòrò. Obìnrin mẹ́rin márùn-ún ló bímọ fún un, ọmọ náà lé ní ogún, àwọn kan lára àwọn obìnrin náà ò sì mọ̀ nípa ara wọn. Nígbà tí àṣírí tú lọ́dún 1860, ó sá lọ sí Yúróòpù. Paignton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kú sí lọ́dún 1875. Ó fi ogún rẹpẹtẹ sílẹ̀, ogún náà sì dé kóòtù.

Irin kékeré yẹn ti di oríṣiríṣi báyìí. Èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ní ìka méjì. Bí ìka kan bá gun eyín síìpù, ojú ìrán á wọ́ ni. Fúùtù síìpù ní ìka kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi lè sún mọ́ eyín dáadáa. Ti síìpù tí kì í hàn ní ihò méjì lábẹ́ tí eyín ń gbà kọjá. Ti awọ ń yọ̀ kí awọ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Kẹ́ ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ wo ọ̀pá tí fúùtù ń so mọ́ lára máṣíìnì yín, torí ó ní kúkúrú, ó ní gíga, wọn ò sì lè gba ara wọn. Ẹ tú fúùtù àtijọ́ yẹn dání wá sọ́jà, ká fi wéra. Ìyẹn sàn ju ká dá síìpù tí kò ṣẹ̀ padà lọ.