Adam Afzelius: Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára igi àpá

Igi àpá kì í ṣe àjèjì sí àwọn tó ń ra ewé àti egbò ní Ọjà'ba, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń gbẹ́ ìlù náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n láti Bẹẹrẹ dé Mápó, díẹ̀ ló mọ̀ pé orúkọ èèyàn ló wà nínú Afzelia africana tí àwọn onímọ̀ ń pe igi náà. Adam Afzelius, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ẹni náà.

Ọdún 1750 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní Uppsala lọ́dọ̀ Linnaeus, ó sì kọ́kọ́ ń kọ́ni ní èdè àwọn ará Ìlà-Oòrùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olú ti wọ̀ ọ́ lára. Ní 1783, ó kọ̀wé lórí Helvella, ìbátan àwọn olú kan. Orúkọ tó sọ ọ̀kan nínú wọn, Helvella lacunosa, ni wọ́n ṣì ń pè é dòní.

Ní 1792, ó dé Freetown, ìlú tí púpọ̀ nínú àwọn Sàró wa padà ti wá, gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ewéko fún Sierra Leone Company. Ó ń já ewé àti olú, ó ń sá wọn gbẹ, ó sì ń kọ ìwé pélébé mọ́ wọn. Ìwé yìí ṣe pàtàkì. Bí olú bá gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ a ṣí, a sì ká kò. Àkọsílẹ̀ nìkan ló lè sọ bó ṣe rí àti ibi tó ti hù. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà lára ewé gbígbẹ tó wà ní ibùdó ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn.

Ní September 1794, ọkọ̀ ogun Faransé ya wọ Freetown. Wọ́n kó ìlú, wọ́n kó ilé Afzelius mọ́ ọn, wọ́n sì ba ewé, olú àti ìwé rẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíràn ì bá di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Afzelius kò lọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1796.

James Edward Smith fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀yà igi àpá ní 1798. Afzelius di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ egbòogi ní Uppsala ní 1812, àmọ́ àwọn olú Áfíríkà rẹ̀ ṣì wà nínú ìdì. Ọwọ́ rẹ̀ falẹ̀ níbẹ̀, kò ṣeé fi pamọ́.

Ó kú ní January 1837, ní ẹni ọdún 86. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé Fungi Guineenses jáde, láti ọwọ́ Elias Fries, àgbà nínú ìmọ̀ olú, tí kò fẹsẹ̀ tẹ Áfíríkà rí. Olú gbígbẹ tí Afzelius kó bọ̀ àti ìwé pélébé tó kọ mọ́ wọn ni Fries fi ṣe é.