Alfred Büchi, baba túbò

Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó bá kó ẹrù ní èbúté Lomé, tí ó ń lọ sí Bùrkínà Fasò, a máa gun òkè kí ó tó dé Kara. Bí awakọ̀ bá tẹná mọ́ ọn, ìró tín-ín-rín kan a máa dún bí fèrè nínú ẹ́ńjìnì. Túbò ni ó ń fọn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Swítsàlandì kan, Alfred Büchi, ni ó gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀. Ogún ọdún ni ó sì fi bá a jìjàkadì kí ó tó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1879 ni wọ́n bí i ní ìlú Winterthur. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ Sulzer, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ńláńlá, nítorí náà ẹ̀rọ kò ṣàjèjì sí ọmọ náà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú Zürich, ó sì jáde ní ọdún 1903. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀m àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan ń dùn ún nípa ẹ́ńjìnì ayé ìgbà náà. Bí a bá rọ epo ife mẹ́ta sínú rẹ̀, nǹkan bí ife kan péré ni ó ń di iṣẹ́. Ooru ìyókù ń bá èéfín àti omi rédíétọ̀ lọ lásán.

Iná kì í jó láìsí afẹ́fẹ́. Alágbẹ̀dẹ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi ń fi ẹwìrì fẹ́ iná rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ́ńjìnì: bí a bá ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú rẹ̀, ó lè jó epo púpọ̀, agbára rẹ̀ a sì pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ó tóbi sí i. Büchi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ro èyí. Louis Renault, ará Faransé tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọkọ̀ títí di òní, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1902. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Roots ti ṣe ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ láti ọdún 1860. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀rọ wọ̀nyí sára ọkọ̀, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí wọn. Wọ́n ń mú agbára wá, wọ́n sì ń jẹ nínú rẹ̀.

Ooru ni ìṣòro kejì. Ẹni tí ó bá ti fi páńpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ẹnu páńpù a máa gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ń gbóná. Bí ó bá sì gbóná, ó ń wú, ìwọ̀nba rẹ̀ ni yóò ráyè wọ ẹ́ńjìnì. Ẹ wo afẹ́fẹ́ Lomé lọ́sàn-án, tí ó wà ní 30 °C. Bí a bá fún un pọ̀ títí ipá rẹ̀ fi di ìlọ́po méjì, yóò ju 100 °C lọ. Ẹ̀rọ ti Roots ni ó máa ń mú un gbóná jù, nítorí pé kì í fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú ara rẹ̀; ṣe ni ó ń kó o, tí ó ń tì í sínú páìpù tí ó ti kún. Kẹ̀kẹ́ abẹ̀bẹ̀ tí ń yí kíákíá sàn jù ú lọ.

Büchi wá ro ó pé kí èéfín tí ń ṣòfò máa ṣiṣẹ́. Ó fi kẹ̀kẹ́ abẹ̀bẹ̀ méjì sórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín ń yí èkíní, èkejì ń ti afẹ́fẹ́ tútù sínú ẹ́ńjìnì. Ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá ọdún 1905 ni ó fi èrò yìí gba ìwé àṣẹ ní Jámánì.

Ìwé àṣẹ kò mú un ṣiṣẹ́. Büchi padà sí Sulzer, ó sì gbìyànjú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tí wọ́n dán wò ní ọdún 1915 kò lè di ipá afẹ́fẹ́ náà mú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Auguste Rateau, ará Faransé, ti fi irú rẹ̀ sí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfurufú. Büchi ṣì ń wá ọ̀nà ti ẹ́ńjìnì tí ń jó gásóìlì.

Ó rí i níkẹyìn. Èéfín kì í tú jáde bí odò tí ń ṣàn; ó ń jáde ní ìbú-ìbú, bí ẹni ń húkọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba páìpù kan, èyí yóò máa dí èyí lọ́wọ́. Büchi pín páìpù náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí èéfín kọ̀ọ̀kan lè lu abẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú agbára rẹ̀ gbogbo. Ó tún jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tuntun gbá èéfín tó kù jáde, kí ó sì tu inú ẹ́ńjìnì lára. Ní ọdún 1925, agbára fi ohun tí ó ju ìdá méjì nínú márùn-ún lọ pọ̀ sí i. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi Jámánì méjì, Preussen àti Hansestadt Danzig, fi gba túbò. Ẹ́ńjìnì wọn tí ìbá ní agbára ẹṣin 1,750 di ti 2,500.

Ooru afẹ́fẹ́ náà kò kúrò ńlẹ̀ síbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù òde òní fi ní rédíétọ̀ kejì níwájú, èyí tí kò gba omi. Afẹ́fẹ́ tí ó ti inú túbò jáde ní 120 °C, tí ó bá tutù di 60 °C níbẹ̀, a ráyè wọ ẹ́ńjìnì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà. Bí eruku ọ̀nà bá dí rédíétọ̀ yìí, ọkọ̀ a máa tú èéfín dúdú lórí òkè, awakọ̀ a sì máa bú gásóìlì tí kò ṣẹ̀.

Büchi kú ní Winterthur ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ní ẹni 80 ọdún. Ó ku oṣù mẹ́fà géérégé kí Tógò gba òmìnira.